Ògiri Tí Kò Lanu

Lórí àpáta ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ògìdì,
níbi tí àwọn ìyá ti ń sá ẹ̀gẹ́ nígbà ọyẹ́,
Tíṣà Ọlọ́runnípa yí bọ́ọ̀lù sókè òkè.
Bọ́ọ̀lù gùn ún dé ìdajì, ó rẹ̀ ẹ́,
ó yí padà wá bá wa lẹ́sẹ̀.
Ó tún yí i. Ó tún padà.
“Agbára tí mo fún un kò tó òkè,” ni ó wí,
“títí ayé ni yóò máa padà.
Àmọ́ ẹ jẹ́ kó kéré ju èérún gààrí lọ,
kó kéré títí ojú yóò fi gbàgbé rẹ̀:
lọ́jọ́ kan, láìgun òkè, láìgbẹ́ ihò,
ẹ ó bá a lódìkejì, lápá Ìyàrá.”

A rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbójú sókè nídìí ẹ̀gẹ́:
“Okun o, Tíṣà. Bí ògiri ò bá lanu,
ibo ni aláǹgbá fẹ́ gbà?”

Kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó nu ẹfun ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò.
“Ẹ jàre ní ti aláǹgbá, Ìyá.
Aláǹgbá mọ ibi tó wà.
Èyí tí mo ń wí kò tíì pinnu.
Ó dà bí òórùn irú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí:
ó pọ̀ nídìí ìkòkò, ó dín lẹ́nu ọ̀nà,
nílé aládùúgbò ó kù bí ìrántí.
Bí ògiri bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe ṣá tó,
àmọ́ kì í dòfo.”
Ó mi orí. “Rárá, àpèjúwe yẹn ò pé.
Òórùn a máa rí ihò gbà.
Èyí kò ríhò kankan.”

Ó wá fi ìka kan àpáta, kó, kó, kó.
“Yúréníọ̀mù wà nínú ibi tí ẹ jókòó lé yìí,
bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ tálákà.
Nínú ikùn rẹ̀, nǹkan kan ń kọlu ògiri.
Iye ìgbà tó kọlù ú kí n tó pajú dé,
ẹ kà á láti ọjọ́ tí òkúta yìí ṣì gbóná bí ẹ̀kọ,
ẹ ò tíì kà á tán.
Ó kọlù ú, ó padà.
Ó kọlù ú, ó padà.
Ọjọ́ kan ṣáá, ó bá ara rẹ̀ níta.
Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn.”

Láti orí òórùn ló ti bọ́ sórí oòrùn:
pé iná ibẹ̀ kò gbóná tó iṣẹ́ tó ń ṣe,
pé bí kì í bá ṣe ti àwọn tó ń yọ́ ògiri kọjá,
ẹ̀gẹ́ ìyá mi ìbá tutù dòní.
Ìyá mi wo òkè bí ẹni wo onígbèsè.

Ìbíwùmí ní, “Èmi ńkọ́, bí mo bá fara ti àpáta?”
“Fara tì í. Kí ìràwọ̀ ó kú tán,
ìhín yìí náà ni wọn ó ti bá ọ.”
“Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo?”
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. “Kì í ṣe òfo.”

Lálẹ́, wọn ò mú iná wá. Ojú ọ̀run kún.
Ó ní àwọn kan gbà pé báyìí layé ṣe bẹ̀rẹ̀:
àìsí wà lẹ́yìn ògiri,
kò gùn ún, kò wó o,
ayé sì wà.
Ó ní òun ò mọ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gba Ògìdì kọjá lóṣù tó lọ, mò ń bọ̀ láti Kàbà.
Tíṣà ti lọ. Ìyá mi ti lọ.
Ìbíwùmí ló ń sá ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ báyìí,
ó ti fi ewú díẹ̀ sórí, ó fẹ̀yìn ti àpáta.
Mo ní, “Okun.”
Ó ní, “Okun o. Mo ṣì ń dúró.”